Ẹ má lọ parí ẹ̀, ẹ lọ gba nǹkan kan bọ̀: bí mo ṣe ń ṣe wàhálà ìwé àti ọ́fíìsì

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó ń jí láàárọ̀ kínú ẹ̀ máa dùn pé òun ń lọ yí àdírẹ́sì padà ní báńkì, tàbí pé òun ń lọ tún lẹ́tà kan ṣe nínú orúkọ òun. Iṣẹ́ tí kò ju kẹ́nì kan lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé lọ, ṣe ni yóò di lọ-ká-bọ̀, lónìí wọ́n á ní nétíwọ̀kì ò sí, lọ́la ẹni tó máa sáìn ò sí lórí ìjókòó, lọ́túnla wọ́n á ní fọ́tò tẹ́ ẹ mú wá ti pẹ́ jù. Ibi yòówù kéèyàn máa gbé láyé irú ẹ̀ wà níbẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé níbòmíì ẹ̀rọ ló máa lé yín padà, níbòmíì èèyàn ni.

Ọgbọ́n tí mo ń lò rèé, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí àwọn èèyàn máa ń bi mí: kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ má fi sọ́kàn pé ẹ fẹ́ lọ parí ẹ̀ lónìí. Ẹ mú nǹkan kan péré, èyí tó kéré jù lọ, tó jẹ́ pé tọ́wọ́ yín bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ lè yíjú padà sílé láìbínú. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà fáìlì yín. Ó lè jẹ́ fọ́ọ̀mù lásán. Ó lè jẹ́ orúkọ ìwé tó kù gan-an, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín o, kí wọ́n má kàn fẹnu sọ ọ́. Tí gbogbo ẹ̀ bá wá parí lọ́jọ́ náà, a dúpẹ́, èènì nìyẹn. Ẹ wò ó, èèyàn méjì lè lọ sí ọ́fíìsì kan náà lọ́jọ́ kan náà, káwọn méjèèjì gba fọ́ọ̀mù àti nọ́ńbà fáìlì bọ̀, ẹni tó ní òun fẹ́ lọ parí ẹ̀ á délé á máa kanra mọ́ àwọn ará ilé, ẹni tó ní nọ́ńbà lòun fẹ́ lọ gbà á délé á máa kọrin. Ìwé kan náà ló wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ṣá.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìdí wá sókè

Ẹ jókòó, ẹ mú báírò. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà sí ìsàlẹ̀ ìwé pátápátá, ká ní pásípọ́ọ̀tù ni. Ẹ wá bi ara yín pé kí ni wọ́n máa bèèrè kí wọ́n tó fún mi ní èyí, ẹ kọ ọ́ sókè ẹ̀. Wọ́n á bèèrè ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí, wọ́n á bèèrè fọ́tò, wọ́n lè bèèrè káàdì ìdánimọ̀, wọ́n lè bèèrè ìwé tó fi hàn pé ibi tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń gbé lẹ̀ ń gbé lóòótọ́. Ẹ mú ìkọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀, ẹ tún bi ara yín pé kí ni wọ́n máa bèèrè kí n tó rí ìyẹn náà gbà, ẹ máa lọ sókè bẹ́ẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa kan ohun tó ti wà lọ́wọ́ yín. Èyí tó bá wà lókè pátápátá, iṣẹ́ ọ̀la nìyẹn. Àwọn yòókù ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, ẹ má ro wọ́n lálẹ́ òní.

Ohun kan wà táwọn èèyàn kì í kà sí níbi títò yìí, òun ló sì ń fa lọ-ká-bọ̀ jù: àwọn ìwé yìí ò gbó bákan náà. Ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí lè pẹ́ láyé ju ẹni tó ni ín lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ò ní gba bíìlì tó fi àdírẹ́sì hàn tó bá ti ju oṣù 3 lọ, fọ́tò náà wọ́n sábà máa ń fẹ́ èyí tí ò tíì ju oṣù 6 lọ. Torí náà èyí tó máa ń pẹ́ kó tó bà jẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ fi èyí tó tètè ń gbó sí ìgbẹ̀yìn. Èèyàn á yára lọ ya fọ́tò lọ́jọ́ kìíní torí òun ló rọrùn jù, á wá dúró de ìwé kan tó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì mìíràn, nígbà tí ìwé yẹn bá fi máa dé, fọ́tò ti pẹ́ jù, wọ́n á ní kó lọ tún un yà, á sì máa bínú sí akọ̀wé. Ẹ̀bi akọ̀wé kọ́.

Ti fọ́tò yẹn pàápàá, ẹ má ro pé gbogbo fọ́tò pásípọ́ọ̀tù jọra. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lo èyí tó jẹ́ mìlímítà 35 sí 45, Amẹ́ríkà ní tiwọn fẹ́ ínǹṣì 2 sí ínǹṣì 2, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 51 sí 51. Ẹ ò lè gé ọ̀kan kó di ìkejì, orí á kéré jù tàbí kó kún inú fọ́tò. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ mú un lọ fún ẹni tó ń yà á kó tó yà á. Ìwé náà ní bó ṣe rí, A4 tí wọ́n ń lò níbi tó pọ̀ jẹ́ mìlímítà 210 sí 297, ti Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi 216 sí 279, tẹ́ ẹ bá tẹ fọ́ọ̀mù A4 sórí ìwé tiwọn láìṣètò ẹ̀, ó lè gé ìlà tó wà nísàlẹ̀ kúrò, orí ìlà ìsàlẹ̀ yẹn gan-an sì ni wọ́n sábà máa ń fi ibi ìbuwọ́lùwé sí. Mo máa ń wo ìsàlẹ̀ ìwé kí n tó sáìn ohunkóhun.

Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kà á, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ pe ọ́fíìsì náà lórí fóònù tó bá ṣeé ṣe, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi wọ́n rèé: "Kí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé mú wá jù?" Ẹ má bèèrè pé kí ni kí n mú wá, torí ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n máa kà fún yín padà. Àmọ́ ẹni tó bá ń lé èèyàn padà lójoojúmọ́ mọ ohun tó ń tìtorí ẹ̀ lé wọn padà, ẹ kàn bi í ni.

Orúkọ ni baba wàhálà

Níbí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí tí orúkọ bá ti bá ara wọn mu lórí gbogbo ìwé yín, ìdajì wàhálà ti lọ nìyẹn.

Ẹ kó gbogbo ìwé yín sórí tábìlì lọ́jọ́ tí ẹ ò níṣẹ́ púpọ̀. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ bó ṣe wà lórí ìkọ̀ọ̀kan gan-an, lẹ́tà sí lẹ́tà, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tò ó. Ó máa yà yín lẹ́nu. Ọ̀kan á kọ orúkọ àárín pé, ọ̀kan á kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìkan, ọ̀kan ò ní kọ ọ́ rárá, ọ̀kan á ti fi orúkọ ìdílé síwájú, ẹni tó ṣègbéyàwó á rí orúkọ méjì. Lójú yín èèyàn kan ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ìdí mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò jẹ̀bi ẹ̀. Ẹ wo ojú-ìwé tí fọ́tò yín wà nínú pásípọ́ọ̀tù, ẹ máa rí ìlà méjì nísàlẹ̀ tó kún fún àmì bíi < < <. Àjọ ICAO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé ló fi òfin lélẹ̀ nípa ẹ̀ kí ẹ̀rọ lè kà á: ìlà méjì, ìkọ̀ọ̀kan gba àmì 44, orúkọ yín sì gbọ́dọ̀ wọ inú àyè 39 nínú ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́tà A sí Z, nọ́ńbà, àti àmì < yẹn nìkan ló lè wà níbẹ̀. Àmì ohùn ò sí, àmì abẹ́ lẹ́tà ò sí, ìlà kékeré tó so orúkọ méjì pọ̀ á di <, orúkọ tó bá sì gùn jù wọ́n á gé e. Ẹni tórúkọ ẹ̀ gùn á wá rí i pé orúkọ tó wà lókè ojú-ìwé yàtọ̀ sí tìsàlẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, tí ibi tẹ́ ẹ ti ń rà á ò bá gba àmì, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà nínú ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ fi àlàfo sí ibi tí < bá wà.

Ó dáa, tí orúkọ ò bá wá bára mu lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ má tún gbogbo ẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo èwo nínú ìwé yìí làwọn ọ́fíìsì yòókù máa ń ní kẹ́ ẹ mú wá, òun ni ẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe, torí tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì báńkì kẹ́ ẹ tó wá tún ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí ṣe, ẹ máa padà lọ sí báńkì lẹ́ẹ̀kejì ni. Ìwé ìbúra níwájú aláṣẹ máa ń ṣiṣẹ́ fún àṣìṣe kéékèèké níbi tó pọ̀, ìyẹn ìwé tó ní ẹni tó ń jẹ́ báyìí àti ẹni tó ń jẹ́ tọ̀hún, èèyàn kan náà ni. Ẹ gba ju ẹyọ kan lọ tí wọ́n bá gbà yín láàyè, torí ibì kan á fẹ́ gba ojúlówó kò sì ní dá a padà.

Èyí tó burú jù lọ ni pé ọ́fíìsì A ní kẹ́ ẹ mú ìwé ọ́fíìsì B wá, ẹ dé B, B ní ti A làwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí. Ó dà bíi kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú yàrá. Ẹ má bá wọn jà níbẹ̀. Ìbéèrè méjì ló ń tú u: àkọ́kọ́, "kí lẹ tún máa ń gbà dípò ẹ̀?", torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo òfin ló ní "tàbí" nínú, wọn ò kàn ní sọ "tàbí" yẹn fún yín tẹ́ ẹ ò bá bèèrè. Ìkejì, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà fún mi pé ẹ ò lè ṣe é torí ìwé báyìí kò sí". Lẹ́tà yẹn dùn ún mú lọ sí ọ́fíìsì kejì ju ẹnu lásán lọ. Nígbà míì wọn ò tiẹ̀ ní kọ ọ́, wọ́n á kàn rántí lójijì pé ọ̀nà mìíràn wà. Èmi ò bèèrè ìdí mọ́ tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, mo kàn máa ń dúpẹ́ ni.

Nípa déètì, kíákíá: 04/05/2024 jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún níbi tó pọ̀, Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin. Tí fọ́ọ̀mù bá gbà yín láàyè, ẹ fi lẹ́tà kọ oṣù. Tí kò bá gbà, ẹ wo bóyá wọ́n kọ DD/MM tàbí MM/DD sábẹ́ àpótí yẹn, ó máa ń kéré gan-an lójú. Òfin àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 8601, láti 1988 ló ti wà, ó ní kí wọ́n fi ọdún ṣáájú, 2024-05-04, kò sì sẹ́ni tó lè ṣì í kà. Ká ní gbogbo ayé lè tẹ̀ lé e ni.

Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ lọ

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kẹ́ ẹ tètè dé. Ó dáa, àmọ́ gbogbo èèyàn náà ló ti gbọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá dé ní ìṣílẹ̀kùn ẹ máa bá gbogbo wọn níbẹ̀.

Ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Agner Krarup Erlang, ará Denmark ni, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Copenhagen ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló bẹ̀rẹ̀ ìṣirò nípa bí èèyàn ṣe ń dúró de nǹkan, 1909 ló tẹ àkọ́kọ́ jáde. Látinú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ la ti mọ ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tò síbi káńtà mọ̀. Ká ní akọ̀wé kan ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ń wọlé nígbà tó bá wù wọ́n, iṣẹ́ kálukú ò sì gba àkókò kan náà. Tí ọwọ́ akọ̀wé yẹn bá dí fún ìdajì àkókò ẹ̀, èèyàn 1 péré lẹ máa bá níbẹ̀ tá a bá pín in dọ́gba. Tó bá dí fún ìdá 80 nínú 100, wọ́n á di 4. Tó bá di ìdá 90, wọ́n á di 9. Ìdá 95, wọ́n á di 19. Ẹ rí i báyìí? Láti 90 sí 95 ò jọ nǹkan kan, akọ̀wé náà ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan yí padà, ṣùgbọ́n àwọn tó tò ti lé ní ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó dé ní wákàtí kan ṣáájú yín ò rí èrò, ẹ̀yin wá bá èrò rẹpẹtẹ.

Ohun tó túmọ̀ sí fún èmi àti ẹ̀yin ni pé ẹ ò nílò ìgbà tí ibẹ̀ máa ṣófo, ẹ kàn nílò ìgbà tí èrò dín díẹ̀. Ẹ yẹra fún ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìsinmi, ẹ yẹra fún ìparí oṣù níbi tó bá ti kan owó, ẹ yẹra fún wákàtí tí àwọn akọ̀wé ń lọ jẹun lọ́kọ̀ọ̀kan torí káńtà mẹ́rin á di méjì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kí i dáadáa, ẹ ní "ẹ kú iṣẹ́ o, ọjọ́ wo gan-an lèrò kì í pọ̀ níbí?" Ohun tí ọ̀gá inú lọ́hùn-ún ò mọ̀, ó mọ̀ ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ti dé iwájú káńtà

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Max Weber, onímọ̀ ará Jámánì tó kú ní 1920, ṣàlàyé pé iṣẹ́ ọ́fíìsì òde òní dúró lórí ìwé àti fáìlì, àti pé ohun tó yẹ ni kí wọ́n fi òfin kan náà wo gbogbo èèyàn láìwojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tínú bá ń bí wa a máa ń gbàgbé pé èyí lè dáàbò bo àwa náà, tó bá jẹ́ pé ojú ni wọ́n ń wò, àwa tí a ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ la ò ní rí nǹkan kan gbà. Torí náà ìtàn ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìwé ló ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé tó bá gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀kejì yín rèé, ọ̀nà jìn, ọmọ wà nílé, ó lè ṣàánú yín tọkàntọkàn, síbẹ̀ kò ní àpótí kankan lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó lè tẹ àánú yẹn sí.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń ti tò ó sẹ́nu kó tó kàn mí, gbólóhùn kan: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, mo wá gba ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí, fọ́ọ̀mù rèé, risíìtì rèé, káàdì mi rèé." Ó tán. Mo máa ń tò wọ́n bí wọ́n ṣe máa bèèrè wọn, ojúlówó lọ́tọ̀, fótòkọ́pì lọ́tọ̀. Ẹni tó ń tú àpò níwájú káńtà ń jẹ àkókò tiẹ̀ àti ti ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀, akọ̀wé á sì ti pinnu lọ́kàn ẹ̀ pé ti èyí máa ní àléébù.

Tí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ má bèèrè pé kí ló dé. Kí ló dé máa ń jẹ́ kí èèyàn gbèjà ara ẹ̀. Ẹ bèèrè pé "kí lẹ fẹ́ rí lọ́wọ́ mi kẹ́ ẹ lè gbà á?" Ẹ fún un ní ìwé àti báírò, ẹ ní kó jọ̀ọ́ bá yín kọ ọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ kì í sábà sọ ìkẹrin tẹ́ ẹ bá padà dé, tẹ́lòmíì bá sì wà lórí káńtà lọ́jọ́ náà, ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi hàn. Ẹ bèèrè orúkọ ẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ẹ kọ déètì sí i.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀ ẹ ka ohun tí wọ́n fún yín, ibẹ̀ yẹn náà o, kí ẹni tó wà lẹ́yìn máa mí ìmí ẹ̀dùn. Orúkọ, déètì, òǹtẹ̀, ìbuwọ́lùwé. Tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe níwájú káńtà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà. Tẹ́ ẹ bá délé kẹ́ ẹ tó rí i, ó ti di iṣẹ́ tuntun tó ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀.

Àwọn tó máa ń dúró níta tí wọ́n á ní àwọn máa bá yín yára ṣe é, ohun kan ṣoṣo ni mo máa sọ: ẹ má fi ojúlówó ìwé yín lé ẹni tí ò fún yín ní risíìtì lọ́wọ́. Owó tó bá lọ lè padà wá lọ́jọ́ kan, ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí tó wà lápò ẹni tẹ́ ẹ ò mọlé ẹ̀ ńkọ́?

Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà

Wọ́n ní ó máa rọrùn tó bá dórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ibì kan rọrùn lóòótọ́. Estonia ti ní ètò tí wọ́n ń pè ní X-Road láti 2001, ọ́fíìsì kan lè bèèrè ohun tó fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì kejì láìrán ẹ̀yin níṣẹ́. Níbi tó pọ̀ ṣá, ẹ̀yin lẹ ṣì ń gbé fáìlì kiri, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ ò bọ bàtà.

Ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ gígùn tààrà sínú fọ́ọ̀mù wọn, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ síbòmíì lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, torí ojú-ìwé yẹn lè lé yín jáde láìkìlọ̀ kí gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sì pòórá. Ẹ ṣí fóldà kan, ẹ kó gbogbo ìwé tẹ́ ẹ ti skáànù sí i, ẹ fún wọn lórúkọ gidi, ẹ má jẹ́ kó máa jẹ́ IMG nọ́ńbà gígùn. Ẹ tọ́jú oríṣi méjì ìkọ̀ọ̀kan, èyí tó tóbi tó mọ́lẹ̀ kedere, àti èyí tó kéré torí àwọn tí ò ní gba fáìlì ńlá. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti tẹ "submit", ẹ ya ojú fóònù yín kí nọ́ńbà tó jáde má sá lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìmeèlì tí wọ́n ní àwọn máa fi ránṣẹ́, èyí tó bá tiẹ̀ dé gan-an lè ti lọ fara pamọ́ sínú spam.

Tó bá pẹ́ tẹ́ ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ̀wé, kó kúrú, nọ́ńbà fáìlì lókè, déètì tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo nísàlẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta nínú lẹ́tà kan, èyí tó rọrùn jù nìkan ni wọ́n máa dáhùn. Tí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, ẹ wá bóyá orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ aráàlú lórí iṣẹ́ ìjọba. Sweden ló fi òfin dá irú ẹ̀ sílẹ̀ ní 1809, lónìí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní in, ọ̀fẹ́ sì ni níbi tó pọ̀. Gbogbo orúkọ, déètì àti nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti ń kó jọ látẹ̀yìn wá, ibí ni wọ́n ti máa wúlò gan-an.

Ẹ ka èyí tẹ́ ẹ ti rí gbà

Àwọn kan á rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni apá yìí, àmọ́ iṣẹ́ ló jẹ́ bíi ti ìyókù. Àwọn olùṣèwádìí méjì kan, Teresa Amabile àti Steven Kramer, ka ohun tí òṣìṣẹ́ 238 ní ilé-iṣẹ́ 7 ń kọ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ nípa bí ọjọ́ wọn ṣe rí, gbogbo ẹ̀ sún mọ́ 12,000, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2011. Ohun tó ń mú ọjọ́ dáa fún wọn jù ni pé iṣẹ́ tó jẹ wọ́n lógún sún síwájú, bó ti wù kó kéré mọ. Wọ́n tún rí i pé ìfàsẹ́yìn máa ń dun èèyàn wọnú ju bí ìtẹ̀síwájú ṣe ń dùn mọ́ ọn lọ. Tẹ́ ẹ bá wá fi ọkàn nìkan ka ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yìí, ìgbà tí wọ́n lé yín padà nìkan lẹ máa rántí, ẹ máa gbàgbé pé fọ́ọ̀mù ti wà lọ́wọ́ yín.

Torí náà mo máa ń lo ìwé kékeré kan, ojú kan fún ìkọ̀ọ̀kan iṣẹ́. Apá òsì ni ohun tó kù. Apá ọ̀tún ni ohun tí mo ti rí gbà, mo sì máa ń kọ ohun tó kéré gan-an síbẹ̀: "mo ti mọ̀ pé yàrá kejì lápá ọ̀tún ni, kì í ṣe ìsàlẹ̀", "wọ́n gba fọ́tò", "obìnrin tó wà ní káńtà kẹta máa ń ṣàlàyé". Ìyẹn tó kẹ́yìn yẹn, ìsọfúnni gidi ni o. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé mi padà, mo gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan sápá ọ̀tún kí n tó wọ ọkọ̀, tí ò bá sí, mo máa padà wọlé lọ bèèrè nǹkan kan tí mo lè kọ. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè kékeré fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ rárá fún.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì méjì lọ́jọ́ kan, èmi ò gbà á nímọ̀ràn, àfi tó bá jẹ́ pé ilé kan náà ni. Ẹ fi nǹkan tó rọrùn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, nǹkan tó dájú pé ó máa parí, bíi kẹ́ ẹ lọ gba bàtà tẹ́ ẹ fún wọn tún ṣe, kí ọjọ́ má bàa jẹ́ ti ọ́fíìsì nìkan. Ẹ sì wá ẹnì kan tẹ́ ẹ lè pè tí òǹtẹ̀ bá balẹ̀ lórí ìwé, ẹni tó mọ bó ṣe rí, tó máa pariwo "ẹ kú oríire!" láìbèèrè pé ṣé kì í ṣe torí ìwé kékeré yẹn náà ni. Kálukú mọ ẹni tí ò yẹ kó pè.

Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá wá parí, iṣẹ́ kan kù kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ skáànù ìwé tuntun náà, ẹ fi sí fóldà yẹn. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bà jẹ́, ẹ ka oṣù 9 padà sẹ́yìn, ẹ fi sí kàlẹ́ńdà fóònù yín. Tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fẹ́ kó ṣì ní oṣù 6 lára kẹ́ ẹ tó lè wọlé sọ́dọ̀ wọn, torí náà èyí tí wọ́n kọ ọdún 10 sí, ọdún 9 àtààbọ̀ lẹ lè fọkàn tán. Nínú kàlẹ́ńdà yẹn náà, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ tọ́jú ojúlówó gbogbo ìwé yòókù sí, inú àpótí wo, nínú yàrá wo, torí nígbà tí fóònù bá máa dún rán yín létí, ẹ lè ti kó kúrò nínú ilé yẹn.